Kámù Eré Nínú Ìjàpá Alágbọn: Àkọsílẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Kan ní Àgbádárìgì

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, 1600 sísì tí atẹ́gùn ń tù lára. Ẹ̀ẹ̀mejì la tò ó láàárín oṣù mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjàrá, Àgbádárìgì. Títò àkọ́kọ́ kò bàjẹ́ o. Kò sí bọ́ọ̀tì tó já, bẹ́rìnì kò jó, ọ́ìlì kò jò. Síbẹ̀ a tún tú u palẹ̀, nítorí irin kan ṣoṣo nínú ikùn rẹ̀ kò bá iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe mu. Kámúṣáàfù ni irin yẹn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kámù: irin onígegele tó ń yí láti ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ iṣẹ́, àti fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ́ńjìnnì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọmọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ wáyà iná ló kọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dá mọ́ irin. Bàbá rẹ̀ olóògbé, tíṣà ni wọ́n, àwọn ló ra Ìjàpá náà ní tuntun nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń tò ó ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá títì Àgbádárìgì wa yìí, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1975 ni àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń tò wọ́n síta ní oríṣiríṣi àwọ̀. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ọkọ̀ náà dúró sábẹ́ igi àgbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá rẹ̀ ń ta àgbọn ní ọjà Agbálátà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà máa ṣe ni kó máa gbé àgbọn àti kẹ́ẹ̀gì òróró àgbọn láti ilé lọ sọ́jà, kó sì máa dé Àgbárá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló sọ ọ́ fún mi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun fẹ́ tò ó fúnra òun, kí n kàn máa dúró ti òun. Inú mi dùn sí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú irin kò pọ̀ mọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ní kí ìbátan rẹ̀ kan bá òun ra kámù kan láti òkè òkun. Kì í ṣe irú èyí tó bá ọkọ̀ wá. Kámù eré ni, irú tí àwọn tó ń sáré ìje ń fi sínú Ìjàpá. Ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù: Ìjàpá kan dúró sójú kan, ó ń mì tìtì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún gbù-gbù-gbù bí odó tí èèyàn mẹ́ta ń gún.

Ó ní, “Ọ̀gá, ohùn yìí ni mo fẹ́.”

Etí ló fi yan kámù. Èmi náà sì jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí

Ẹni tó bá mọ Ìjàpá mọ̀ pé kámù rẹ̀ kò rí bíi ti Toyota òde òní, tó jẹ́ pé téèyàn bá ti ṣí ìdérí òkè, kámù ti hàn kedere. Abẹ́ kíráńkì, irin tí písítìn ń yí, gan-an ni ti Ìjàpá ń gbé, jíà kíráńkì sì ń yí jíà kámù tààrà, kò sí ṣéènì, kò sí bẹ́líìtì. Gegele mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀ fún fáàfù mẹ́jọ. Gegele kan ló ń ti fáàfù epo sílíńdà 1 àti 3, tó kọjú síra wọn, òmíràn fún 2 àti 4; méjì tó kù ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáàfù èéfín. Bí gegele kan bá jẹ, sílíńdà méjì ló máa kó àárẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti pààrọ̀ kámù yìí, àfi kéèyàn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kó tú orí, kó tú sílíńdà, kó sì la ilé ẹ́ńjìnnì sí méjì bí ẹni la obì. Ìdí nìyẹn tí àṣìyàn rẹ̀ fi wọ́n.

Ìwé tó wà nínú páálí kámù eré náà sọ pé 284 dígírì nínú yíyí kíráńkì ni fáàfù fi ń ṣí, àti pé yóò gbéra 0.392 ínṣì lórí rọ́kà orígínà, apá tó ń tẹ fáàfù, tó ń sọ ìrìn kámù di ìlọ́po 1.1. Ìwé àtúnṣe Ìjàpá tí mo ní sọ ti orígínà báyìí: fáàfù tó ń gba epo wọlé ń ṣí ní dígírì 7 àbọ̀ kí písítìn tó dé òkè, ó ń pa dé ní 37 lẹ́yìn tó bá ti dé ìsàlẹ̀, èyí tó ń tú èéfín ń ṣí ní 44 àbọ̀ kí písítìn tó dé ìsàlẹ̀, ó ń pa dé ní 4 lẹ́yìn òkè. Ọmọ náà ro ti fáàfù epo pọ̀ mọ́ 180 tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó rí 224 àbọ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú 284, ó ní kámù òun fi nǹkan bí 60 ju ti bàbá òun lọ.

Ìṣirò náà tọ̀nà, ìwọ̀n ni kò dọ́gba. Orígínà tó wà nínú ìwé, àlàfo mílímítà kan ni wọ́n fi sí fáàfù kí wọ́n tó kà á, nítorí náà ìrìn kékeré tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kò sí nínú rẹ̀. 284 yẹn, láti ibi tí tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó jókòó lé gegele kámù, ti ń gbéra díẹ̀ báyìí ni wọ́n ti kà á. Tí ẹ bá ka kámù eré kan náà láti ìgbà tí tápẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra 0.050 ínṣì, 247 ló máa jẹ́. 247 ló súnmọ́ ohun tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 224. Ó ṣì ju orígínà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ńlá tí ọmọ náà rò. Gbogbo ẹni tó bá ń fi kámù wé kámù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka dígírì. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ra nǹkan kan.

Títò àkọ́kọ́

N kò ní pẹ́ lórí ti kíráńkì àti bẹ́rìnì, iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni. Àmì méjì tó wà lára jíà kíráńkì gba àmì kan ti kámù sáàárín, a dé ilé ẹ́ńjìnnì, a fún àwọn nọ́ọ̀tì ńlá ní 25 fúùtì-pọ́ùn lórí sípánà tó ń ka agbára.

Ibi tó yẹ kí n tẹnu mọ́ ni jíà kámù eré. Jíà orígínà, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án mọ́ kámù, orí wọn pẹlẹbẹ. Ti eré, bọ́ọ̀tì mẹ́ta ni, orí wọn sì yọ síta. Nígbà tí a fi pọ́ǹpù ọ́ìlì sí i, mo ní kó fi ọwọ́ yí kíráńkì. Ó yí i, kò gbọ́ nǹkan. Mo ní kó dákẹ́ kó tún yí i, kó gbé etí sún mọ́ ọn. Kẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́rẹ́. Orí bọ́ọ̀tì ń fi ara kan ìdí pọ́ǹpù bó ṣe ń yí. Ká ní a ti dáná sí i bẹ́ẹ̀ ni, eruku irin yóò ti wọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. A yọ pọ́ǹpù, a fi fáìlì fá ibi tó kàn, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì di àwọn bọ́ọ̀tì jíà náà kí wọ́n má baà tú. Ọjọ́ kan gbáko ni èyí gbà wá, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́jọ la lò. Kámù tuntun kò gbọdọ̀ pàdé tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láé. Ojú tápẹ́ẹ̀tì tuntun kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yọ díẹ̀ láàárín, gegele kámù náà sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí tápẹ́ẹ̀tì máa yí lójú ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Èyí tó bá ti jẹ kò ní yí, yóò kàn máa fá gegele ni. A fi gíríísì kámù pa gbogbo rẹ̀, a da ọ́ìlì tó ní síńkì sí i. A yọ pílọ́ọ̀gì, a fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣìbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà la dáná sí i, a kò jẹ́ kó síló (kó máa yí jẹ́jẹ́ láìtẹ tọ́ròtù) rárá. Láàárín yíyí 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ló wà fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí ohùn gbù-gbù-gbù yẹn jáde, ọmọ náà bú sẹ́kún. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Yanrìn

Ọ̀sẹ̀ kejì ló kọ́kọ́ padà wá. Ó ní ọkọ̀ kò lágbára tí àgbọn bá ti wà nínú rẹ̀. Mo ní kábúrétọ̀ ni. A tú kábúrétọ̀, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ó tún padà. A wo táímìnì, a pààrọ̀ kọ́ńdénsà. Ó tún padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lé ohun tí kò sá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sàn díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ wa wà lórí tọ́ròtù, ẹrù kò sì sí.

Ìyá rẹ̀ ló là mí lójú. Ó bá a wá lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó sórí àgbá, ó ń wò wá. Nígbà tó yá ó ní:

“Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Nígbà ayé bàbá wọn, jíà kejì ni wọ́n fi ń wọ yanrìn ilé wa, ọkọ̀ yóò kàn máa lọ jẹ́jẹ́ ni. Èyí ń pariwo bí ẹni ń jà, kò sì lọ. Tó bá délé, ó ń rùn bí ẹni sun rọ́bà.”

Rọ́bà tí wọ́n ń wí yẹn, kílọ́ọ̀ṣì ni. Mo da irinṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní etí òkun lọ́dọ̀ wa mọ yanrìn yẹn: ó kúnná lẹ́búlẹ́bú, ó ń gbé táyà mì dé ààbọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní agbára nígbà tó ń yí díẹ̀díẹ̀, dírẹ́bà yóò tẹ tọ́ròtù, yóò sì máa fi kílọ́ọ̀ṣì rẹ́ ẹ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kílọ́ọ̀ṣì tuntun tán láàárín oṣù kan.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo bá a wọkọ̀. Ó ti so mítà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì mọ́ kọ́ìlì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Láti ilé rẹ̀ dé Agbálátà, láti ibẹ̀ dé Àgbárá, pẹ̀lú ẹrù: a dúró nígbà mẹ́rìnlá, àwọn kan jẹ́ àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, àwọn kan jẹ́ kòtò, àwọn kan jẹ́ dáńfó tó dúró gba èrò láàárín títì. A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí, ní jíà kẹrin, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí tó 2,000. Kámù tí a fi sínú rẹ̀ kì í jí kí ó tó di 3,000. Ìyẹn ni pé láti ilé dé Àgbárá, ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ṣe é fún.

Ìdí rẹ̀ kò le. Fáàfù tó ń gba epo wọlé ń pẹ́ kó tó pa dé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, atẹ́gùn àti epo tó ń rọ́ wọlé ti ní ipá, yóò ṣì máa wọlé bí písítìn tilẹ̀ ti ń padà sókè. Tí kò bá sáré, kò ní ipá kankan. Písítìn a tì í padà síta sínú kábúrétọ̀. Ohun tó yẹ kó jó di ohun tó sá lọ. Tí a bá sì wá ní kó sáré, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo àti sílénsà orígínà kò lè bọ́ ọ yó. Ó pàdánù nísàlẹ̀, kò sì jèrè lókè.

N kò fẹ́ fi ẹnu nìkan sọ ọ́. A wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàárín 92 sí 98 PSI. Wọ́n dọ́gba, wọ́n kàn rẹlẹ̀ ni. Mo kán ọ́ìlì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tún wọ̀n, kò gòkè, nítorí náà ríìnì ara písítìn kò mọ̀ sí i. Ó ku kí n mọ̀ bóyá a ṣi eyín jíà kan fi sí i. A fi àlàfo mílímítà kan sí fáàfù sílíńdà kìíní, a lẹ páálí tí a pín sí dígírì mọ́ púlì, a ń yí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gééjì lórí fáàfù. Ibi tó yẹ kó ti ṣí ló ti ṣí. Kámù náà dára. Ọwọ́ ọmọ náà dára. Yíyàn wa ni kò dára.

Kámù bàbá

Ó lè ra kábúrétọ̀ méjì, orí ẹ́ńjìnnì tó fẹ̀, sílénsà tó ṣí. Owó rẹ̀ yóò ju ti gbogbo ẹ́ńjìnnì lọ, yanrìn yóò sì ṣì wà níbẹ̀. Àbí kó padà sí orígínà. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. N kò fi dù ú. Nígbà tó dé, ó kàn ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká là á.”

A mú kámù bàbá jáde, tí mo ti ní kó fi ọ́ìlì pa, kó fi àkísà wé. Ó fẹ́ fi sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, èyí tí kò yẹ kí n gbàgbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Gegele tó ń gbé fáàfù epo ti sílíńdà 2 àti 4 fi nǹkan bí 0.4 mílímítà kéré sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú ni ó fi ń jọ ara wọn, ìka ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ṣóńṣó rẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Tápẹ́ẹ̀tì tó jókòó lé e lórí ti jẹ wọnú bí ìsàlẹ̀ ṣíbí. Ká ní a fi í padà nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ orígínà, sílíńdà méjì ì bá máa mí ìmí àbọ̀, a ó sì tún máa fọ kábúrétọ̀ kiri.

A wá lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Kámù Ìjàpá tòkúnbọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa. Àkọ́kọ́ ti dípẹtà lójú bẹ́rìnì. Ìkejì, gegele kan ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tó ní ṣọ̀pọ̀ná. Ìkẹta mọ́ tónítóní, ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Ọmọ náà ló mú máíkìrómítà tó fi ń wọn irin jáde nínú àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà, ẹni náà sì dúró dè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A ra tápẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn. Kámù tòkúnbọ̀ tó dára gba tápẹ́ẹ̀tì tuntun.

Nígbà títò kejì, a yẹ jíà wò bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́: a yí kíráńkì sẹ́yìn, a ń wò ó bóyá kámù yóò gbéra kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Kò gbéra, nítorí náà eyín kò há ju bó ti yẹ. Mo dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe ohun tó gba wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀.

Ìfúnpọ̀ rẹ̀ gòkè sí 112 dé 118. Ó ń síló ní 850 bí ẹni ń sùn. Ó wọ yanrìn ní jíà kejì pẹ̀lú àpò àgbọn mẹ́rin, òórùn kankan kò sí. Kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ márùn-ún ń tó wọn fún ọjọ́ méje. Ohun tó pàdánù náà wà, ọmọ náà sì sọ ọ́ láìfi bò: lọ́jọ́ Àìkú tí títì dá, nígbà tó ń lọ sí Máìlì 2, ó ní tó bá ti kọjá 4,000, ó ti rẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ ni.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹni tó fẹ́ to ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ bá wá bá mi, n kì í jẹ́ kó ra kámù kí n tó bá a wọkọ̀ lọ sí ibi tó ń lọ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹrù tó ń gbé. Ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni mo ń lò. Mo ń béèrè iye kábúrétọ̀, irú orí, irú sílénsà, mo sì ń wọn kámù àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tuntun. Tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ìnájú, tí kò gbé ẹrù, tí owó kábúrétọ̀ méjì wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ pé kó fi kámù eré sí i.

Kámù eré tọ́hùn ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Ọmọ náà ti ra kábúrétọ̀ kan nínú méjì, ó ń wá ilé ẹ́ńjìnnì kejì tí yóò tò fún ara rẹ̀, láìsí àgbọn. Ó fi aṣọ ọlọ́ìlì wé kámù náà, ó so tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ ọn nínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kọ nọ́ńbà gegele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lé sára wọn. Lójú páálí náà, ó fi bírò pupa kọ ọ́ gàgàrà: LÁTI 3,000 LỌ SÓKÈ.